Kí Ìkọ́ Máa Yí, Kó Má Ṣe Mì

Ẹni tó bá dúró díẹ̀ sí oríta Ndokoti ní Douala yóò rí oríṣiríṣi ìkọ́ tí a fi ń so tirélà mọ́ ìdí ọkọ̀: bọ́ọ̀lù irin tó ń dán, òrùka ńlá tí a fi píìnì dè, ìkọ́ ológun tó la ẹnu sílẹ̀, àti irin tí wẹ́dà fi ọwọ́ ara rẹ̀ tẹ̀ lábẹ́ igi. Ẹrù tí wọ́n ń fà kò jọra, ọ̀nà tí wọ́n ń tọ̀ kò sì jọra, ṣùgbọ́n ìbéèrè méjì péré ni a sábà máa ń béèrè kí a tó rà wọ́n: èló ni, tọ́ọ̀nù mélòó ló lè fà? Ìbéèrè méjèèjì dára, àmọ́ wọn kò tó. Ohun tí ọdún pípẹ́ nídìí iṣẹ́ síso ọkọ̀ pọ̀ fi yé mi ni pé ìbéèrè kẹta ló ń pinnu bóyá ẹrù yóò délé: nígbà tí ilẹ̀ bá gbé ọkọ̀ dà sí apá kan, tó sì gbé tirélà dà sí apá kejì, kí ni yóò yí láàárín wọn? Bí ìkọ́ kò bá yí, nǹkan mìíràn yóò yí dípò rẹ̀, nǹkan ọ̀hún kì í sì í ṣe ohun tí a dá láti máa yí. Ìkọ́ tó yẹ ọ̀nà wa ni èyí tó ń yí dáadáa, tí kì í sì í mì. Ìwọ̀n yìí ló yẹ kó ṣáájú owó, òun ló sì yẹ kó ṣáájú tọ́ọ̀nù.

Kò sí ìlú tí ọ̀rọ̀ yìí kàn tó Douala. Èbúté rẹ̀ lẹ́nu odò Wouri ni ẹrù Ṣáàdì àti ti Orílẹ̀-èdè Àárín Gbùngbùn Áfíríkà ń gbà wọlé, nítorí orílẹ̀-èdè méjèèjì kò ní etí òkun. Láti Douala dé Bangui tó nǹkan bíi 1,450 kìlómítà, N'Djamena sì tún jìnnà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Òjò tó ń rọ̀ sí ìlú náà lọ́dún ju 3,500 mílímítà lọ, èyí tó tó nǹkan bí ìlọ́po méjì òjò Èkó. Níbi tí ọ̀dà bá parí sí, ilẹ̀ pupa ló kù, ilẹ̀ tó ń le ganrangan ní ẹ̀ẹ̀rùn, tó sì ń yọ̀, tó ń jìn, tó ń là sí méjì nígbà òjò. Ìjọba Kamẹrúùnù mọ èyí dáadáa, ìdí nìyí tí wọ́n fi máa ń gbé igi dábùú irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ nígbà òjò, kí ọkọ̀ ńlá dúró títí ilẹ̀ yóò fi gbẹ. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọkọ̀ ńlá nìkan ni ọ̀nà yìí ń dán wò. Tirélà kékeré tí Hilux ń fà pọ̀ ju bí a ṣe rò lọ: òun ló ń gbé jẹnẹrétọ̀ lọ síbi iṣẹ́, òun ló ń gbé táǹkì omi, òun ló ń gbé ọkọ̀ ojú omi kékeré lọ sí Youpwé, òun náà ló ń kó ọ̀gẹ̀dẹ̀, kòkó àti ata Penja jáde láti inú abúlé àgbègbè Moungo wá sí ojú ọ̀nà tó lọ sí Bonabéri. Títì ọ̀dà ni wọ́n ń rìn pẹ́ jù, ṣùgbọ́n ìwọ̀nba kìlómítà tó wà láàárín oko àti títì ló ń fọ́ irin wọn.

Nígbà kan, ọ̀rọ̀ ìkọ́ kò le tó báyìí. Inú oko ńlá ọ̀pẹ, rọ́bà àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni a ti ń fa tirélà jù, katakata ló sì ń fà á. Òrùka kan wà lẹ́nu tirélà, irin méjì tó la ẹnu wà ní ìdí katakata, píìnì kan ni a ó sì kì bọ àárín wọn. Katakata kì í sáré, kò sì kúrò nínú oko kan náà. Pàtàkì jù lọ, ẹni kan náà ló ra katakata, òun ló ra tirélà, òun ló sì ni mẹkáníìkì tó ń tọ́jú méjèèjì. Ìkọ́ àti tirélà mọ ara wọn. Ohun tó yí padà ni pé ọjà tòkunbọ̀ ti tú ìdílé yẹn ká. Lónìí, ọkọ̀ lè ti Japan wá, tirélà lè ti Faransé wá, kí bọ́ọ̀lù ti Amẹ́ríkà wá nínú kọ̀ńténà kẹta, kí gbogbo wọn wá pàdé lọ́wọ́ wẹ́dà kan ní Douala. Bọ́ọ̀lù tí Yúróòpù ń lò jẹ́ 50 mílímítà. Èyí tó wọ́pọ̀ ní Amẹ́ríkà jẹ́ ìǹṣì méjì, ìyẹn 50.8 mílímítà, wọ́n sì ní èyí tó kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ, tó jẹ́ 47.6. Ojú lásán kò fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ wọ́n yàtọ̀ lórí àtẹ. Ṣùgbọ́n bí a bá fi orí ìkọ́ tí a dá fún 50 bo bọ́ọ̀lù 47.6, yóò tì, yóò dún kọ́ bí ẹni pé ó wọlé, àlàfo tó ju mílímítà méjì lọ yóò sì wà nínú rẹ̀. Lórí títì, àlàfo yẹn kàn ń pariwo ni. Nínú kòtò, ibẹ̀ ni bọ́ọ̀lù ń gbà yọ jáde. Bí a ṣe ń ṣe nílé wa, èèwọ̀ ibòmíràn ni: irin tó bófin mu ní orílẹ̀-èdè kan lè di ewu nígbà tó bá bá irin orílẹ̀-èdè mìíràn pàdé.

Ẹ jẹ́ ká wá wo ohun tí ọ̀nà ń béèrè lọ́wọ́ ìkọ́. Ọ̀nà mẹ́ta ni tirélà ń gbà yà kúrò ní ìlà ọkọ̀ tó ń fà á. Ó ń yà sọ́tùn-ún tàbí sósì nígbà tí awakọ̀ bá yípo. Imú rẹ̀ ń gbé sókè tàbí kó dorí kodò nígbà tí a bá ń gun òkè tàbí tí a bá ń sọ̀ kalẹ̀. Ẹ̀kẹta ni pé ó ń tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, nígbà tí táyà ọ̀tún ọkọ̀ bá wà nínú kòtò tí táyà òsì tirélà sì ń bọ́ sínú kòtò mìíràn. Bọ́ọ̀lù ń ṣe méjì àkọ́kọ́ dáadáa ní ìgboro, ìdí sì nìyí tí gbogbo ayé fi gbà á. Ẹ̀kẹta ni kò lè ṣe ju díẹ̀ lọ. Kò pẹ́ rárá tí etí orí ìkọ́ yóò fi kan ọrùn bọ́ọ̀lù, láti ìgbà tó bá sì ti kàn án, ìkọ́ kò jẹ́ ìkọ́ mọ́, ó ti di ọ̀pá tí ọkọ̀ ń fi lọ́ tirélà. Gbogbo agbára lílọ́ yẹn yóò wá ibi tí yóò gbà jáde. Nígbà mìíràn, ọrùn bọ́ọ̀lù ni yóò já. Nígbà mìíràn, orí ìkọ́ yóò la ẹnu, bọ́ọ̀lù yóò sì yọ. Èyí tó wọ́pọ̀ jù ni pé ojú ibi tí a ti jó ọ̀pá ìfà mọ́ ṣáàsì yóò sán díẹ̀díẹ̀ láìsí ẹni tó rí i, nítorí ẹrẹ̀ ti bò ó. Onítirélà yóò gbé e lọ sọ́dọ̀ wẹ́dà, wẹ́dà yóò fi irin tó nípọn sí i lẹ́ ẹ, lọ́jọ́ mìíràn yóò tún sán ní iwájú ibi tí a lẹ̀ ẹ́ sí. Irin tó nípọn kò yanjú ọ̀rọ̀, ó kàn ń ti ibi tí yóò sán síwájú ni. Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko. Ìkọ́ tó yí ni ẹ̀sọ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí, irin tó ń nípọn sí i lójoojúmọ́ ni agbára.

Àmọ́ o, yíyí nìkan kò tó, ibi tí ọ̀pọ̀ àwọn tó mọṣẹ́ pàápàá ti ń ṣìnà nìyí. Ẹni tó bá rí i pé bọ́ọ̀lù ń fọ́ yóò padà sí òrùka àti píìnì, tàbí kó ra ìkọ́ ológun tó la ẹnu, nítorí ó rí i pé àwọn wọ̀nyí ń yí bó ṣe wù wọ́n. Òótọ́ ni, wọ́n ń yí. Ṣùgbọ́n wọ́n ń mì pẹ̀lú. Àlàfo wà láàárín òrùka àti píìnì, bẹ́ẹ̀ náà ló wà láàárín òrùka àti ẹnu ìkọ́, nígbàkígbà tí awakọ̀ bá tẹ ìjánu tàbí tó tún tẹ iná, tirélà yóò kọ́kọ́ gba àlàfo náà kọjá kó tó gbá irin. Lórí ilẹ̀ pupa tí ojú rẹ̀ ti ká bíi páànù òrùlé, ìgbá yìí kì í dáwọ́ dúró fún wákàtí gbáko. Irin ń jẹ irin, òrùka ń tín-ín-rín, ihò píìnì ń gùn, àlàfo sì ń pọ̀ sí i, èyí tó ń mú kí ìgbá tó ń bọ̀ lẹ́yìn le ju ti àkọ́kọ́ lọ. Nítorí náà, ohun méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni yíyí àti mímì jẹ́. Yíyí ni pé kí ìkọ́ jẹ́ kí tirélà tẹ̀ síbi tí ilẹ̀ gbé e sí. Mímì ni pé kí ìkọ́ jẹ́ kí tirélà kúrò lójú ibi tó yẹ kó wà. Bọ́ọ̀lù tó bá bá orí rẹ̀ mu kì í mì, ṣùgbọ́n kò yí tó. Òrùka ń yí tó, ṣùgbọ́n ó ń mì. Èyí ló sọ yíyan ìkọ́ di iṣẹ́ olóye ju iṣẹ́ ọlọ́jà lọ.

Ọsirélíà wà lára ibi tí wọ́n ti fi gbogbo ọkàn dojú kọ ìṣòro yìí, kò sì yani lẹ́nu, nítorí pé àwọn náà ní ọ̀nà eruku tó gùn lọ bí ilẹ̀ bí ẹní. Ìdáhùn wọn kò jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo. Ìkọ́ tí wọ́n ń pè ní Treg fi búlọ́ọ̀kù rọ́bà líle sí àárín, ó fi píìnì gba inú rẹ̀, ó sì jẹ́ kí ọ̀pá náà lè yípo pátápátá; rọ́bà yẹn ló ń gba ìgbá mọ́ra kí irin má baà gbá irin. McHitch lo irú oríkèé tó wà lára ọ̀pá tó ń gbé agbára ẹ́ńjìnnì lọ sí táyà ẹ̀yìn ọkọ̀, oríkèé tó ń yà sí apá gbogbo láìní àlàfo. DO35, tí wọ́n fún ní ìwọ̀n tọ́ọ̀nù mẹ́ta àbọ̀, fi píìnì kan dúró lára ọkọ̀, tí orí ìkọ́ sì ń bò ó mọ́lẹ̀ gírígírí, tó sì ń yípo lẹ́yìn ara rẹ̀. Ọ̀tọ̀ ni irin wọn, ọ̀kan náà ni èrò tó wà nínú wọn: ẹ jẹ́ kí tirélà tẹ̀ bó ṣe fẹ́, ẹ má jẹ́ kó sún kúrò níbi tó wà. Mi ò sọ èyí láti polówó irin ẹnikẹ́ni. Mò ń sọ ọ́ kí ó lè hàn pé yíyí láìmì kì í ṣe àlá, ó ti wà lọ́jà, a sì lè fi í wọn ìkọ́ yòówù tó bá wà níwájú wa.

Ẹni tó fẹ́ràn nọ́ńbà lè sọ pé ìwọ̀n tí wọ́n tẹ̀ sára ìkọ́ ti tó, pé bí irin bá ní òun lè fa tọ́ọ̀nù mẹ́ta, kò sí ohun tí tọ́ọ̀nù méjì yóò fi ṣe é. Ẹ jẹ́ ká bọ̀wọ̀ fún nọ́ńbà, ṣùgbọ́n ká mọ ohun tó ń sọ. Ní Yúróòpù, wọ́n ń tẹ lẹ́tà D àti nọ́ńbà kan sí ara ìkọ́. A ń rí nọ́ńbà náà nípa sísọ ìwọ̀n ọkọ̀ di púpọ̀ pẹ̀lú ìwọ̀n tirélà, pípín èyí pẹ̀lú àpapọ̀ méjèèjì, ká tó sọ ọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú 9.81. Ọkọ̀ tọ́ọ̀nù mẹ́ta tó ń fa tirélà tọ́ọ̀nù méjì ń béèrè D tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 12 kilonewton. Ìṣirò yìí wúlò púpọ̀, nítorí ó fi hàn pé ìwọ̀n ọkọ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ náà, kì í ṣe ti tirélà nìkan. Ṣùgbọ́n ohun tó ń wọ̀n ni fífà àti títì láàárín ọkọ̀ àti tirélà. Kò sọ ohunkóhun nípa lílọ́. Ìkọ́ méjì lè ní D kan náà, kí ọ̀kan yípo pátápátá, kí èkejì má sì lè tẹ̀ ju díẹ̀ lọ. Ẹni tó bá fi nọ́ńbà yẹn nìkan yan ìkọ́ fún ọ̀nà oko ti ka ìdajì ìwé, ó sì ti pa á dé. Bẹ́ẹ̀ sì ni, àwọn tó ṣírò nọ́ńbà náà gbà pé ẹrù tí a kọ sílẹ̀ ni ẹrù tí a ó gbé. Lójú ọ̀nà wa, a ń to àpò lé àpò títí táyà yóò fi fẹ́ fọ́. Ẹni tí kò lè gbé èèrà tó ń kúsà sí erin, títẹ́ ní ń tẹ́.

Àtakò àkọ́kọ́ tí mo mọ̀ pé yóò wá ni ti owó. Ìkọ́ tó ń yípo pátápátá tí kì í mì wọ́n ju bọ́ọ̀lù lọ fíìfíì, kò sì sí lórí gbogbo àtẹ. Ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á, ṣùgbọ́n òwe yẹn kò sọ pé gbogbo ènìyàn ló gbọ́dọ̀ jẹ ọbẹ̀ kan náà. Ẹni tó ń fi tirélà gbé àga àti tẹ́ǹtì ayẹyẹ láti New Bell lọ sí Akwa kò nílò ju bọ́ọ̀lù tó bá orí rẹ̀ mu lọ. Bí ó bá lọ ra irin Ọsirélíà, ó fi owó rẹ̀ ṣòfò, ó sì gbé ohun tí kò mọ bí a ṣe ń tọ́jú rẹ̀ wálé. Ẹni tí ìṣirò rẹ̀ kò pé ni ẹni tó ń wọ inú oko lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, tó sì ń sọ pé òun kò lówó. Kí ó kó iye tó ń san fún wẹ́dà jọ, kí ó fi iye ọjọ́ tí tirélà fi dúró lábẹ́ igi kún un, kí ó fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n sí ojú ọ̀nà kún un. Owó kékeré tí à ń san léraléra ló ń tan ènìyàn jẹ, nítorí a kì í ròyìn rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ojú olójú kò jọ ojú ẹni: ẹni tó ta bọ́ọ̀lù fún un kò ní bá a dúró nínú ẹrẹ̀.

Àtakò kejì lágbára jù bẹ́ẹ̀ lọ, mi ò sì ní díbọ́n pé kò lágbára. Wọ́n ní irin tuntun kò ṣeé tún ṣe nínú igbó. Bí rọ́bà àárín rẹ̀ bá jẹ, ta ni yóò rí òmíràn ní Bertoua tàbí ní Yokadouma? Òrùka àti píìnì, ẹ̀wẹ̀, wẹ́dà abúlé lè ṣe é kí ọ̀sán tó pọ́n. Òótọ́ pọ́ńbélé ni. Ìkọ́ tí a kò lè tún ṣe níbi tó bá ti bàjẹ́ ti kùnà ní apá kan, bó ti wù kí ọgbọ́n inú rẹ̀ pọ̀ tó. Bí ẹni tó ń wọ igbó ìlà oòrùn Kamẹrúùnù bá dúró ti òrùka nítorí èyí, mi ò rí ohun tí mo lè fi dá a lẹ́bi. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó dáadáa, àtakò yìí kò sọ pé mímì dára. Ohun tó sọ ni pé ohun tó ṣeé tún ṣe dára. A lè ní méjèèjì: òrùka tí ọrùn rẹ̀ ń yí nínú àgbá tirẹ̀, píìnì tí a gbẹ́ kó bá ihò rẹ̀ mu, gírísì tí a kì í gbàgbé, àti píìnì kejì tó wà nínú àpótí lẹ́yìn ìjókòó awakọ̀. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ẹni tó ń lọ sínú igbó jíjìn lè yan òrùka pẹ̀lú ọgbọ́n, kó sì máa dín àlàfo rẹ̀ kù. Ẹni tí ilé rẹ̀ wà ní Douala tí oko rẹ̀ kò ju ìrìn wákàtí méjì lọ lè yan èyí tó ní rọ́bà, kó sì fi rọ́bà kejì sílé. Àwọn méjèèjì ti béèrè ìbéèrè tó yẹ. Ẹni tí kò béèrè rárá ni mò ń bá wí.

Àtakò kẹta ń bọ̀ láti ọ̀dọ̀ àwọn awakọ̀ tirélà ńlá, wọ́n sì máa ń sọ ọ́ pẹ̀lú ẹ̀rín: bí yíyí bá dára tó bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí àwo irin tó gbé imú tirélà tiwa kì í fi tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́? Ìbéèrè gidi ni. Àwo yẹn ń jẹ́ kí tirélà yà sọ́tùn-ún sósì, ó ń jẹ́ kí imú gbé sókè sódò, ṣùgbọ́n èyí tó wọ́pọ̀ nínú wọn kò gba títẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ìdí rẹ̀ ni pé kọ̀ńténà ga, ẹrù inú rẹ̀ sì wà lókè. Bó bá fẹ́ dà sí ẹ̀gbẹ́, orí ọkọ̀ tó wúwo ló ń bá a dì í mú láti iwájú. Bí àwo náà bá ń tẹ̀ fàlàlà, tirélà yóò dá nìkan kojú ìdàwó rẹ̀, yóò sì tètè dà. Ìwọ̀nba iṣẹ́ tí ẹrù rẹ̀ wà nísàlẹ̀ ni wọ́n ń ṣe àwo tó ń tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ fún. Oríkèé kan tún wà tí kò gbọ́dọ̀ yí, tí kò sì gbọ́dọ̀ mì rárá, ìyẹn kọ́kọ́rọ́ igun mẹ́rin tó de kọ̀ńténà mọ́ tirélà. Ní Ojúẹlẹ́gba l'Ékòó, kọ̀ńténà já bọ́ láti orí afárá ní ọjọ́ kejì oṣù Kẹsàn-án ọdún 2015, ó pa ènìyàn mẹ́ta. Níbẹ̀ náà ni òmíràn já lu bọ́ọ̀sì èrò ní ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù Kìíní ọdún 2023, ó sì pa ènìyàn mẹ́sàn-án. Láti ìgbà pípẹ́ ni àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó ní Nàìjíríà ti ń kìlọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má gbé kọ̀ńténà tí a kò tì ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Nítorí náà, èmi kò sọ pé gbogbo oríkèé gbọ́dọ̀ yí. Ìka kò dọ́gba. Ẹrù gíga lórí títì ń béèrè oríkèé tó ń dì í mú, tirélà kékeré tí ẹrù rẹ̀ kò ga nínú kòtò ń béèrè oríkèé tó ń yí. Ohun tí ọ̀rọ̀ àwọn awakọ̀ ńlá fi kún ọ̀rọ̀ mi ni pé ẹrù àti ọ̀nà ló ń yan ìkọ́. Kò tako ohun tí mo sọ.

Àwọn kan yóò sọ pé ọ̀nà ń dára sí i, pé láìpẹ́ ọ̀dà yóò dé gbogbo oko, tí bọ́ọ̀lù lásán yóò sì tó. Mo gbàdúrà kó rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ rántí ọjọ́ kọkànlélógún oṣù Kẹwàá ọdún 2016. Ọ̀nà tó so Douala pọ̀ mọ́ Yaoundé ni olórí ọ̀nà orílẹ̀-èdè náà, ọ̀dà sì ni. Òjò rọ̀, ibi tí omi ń gbà kọjá lábẹ́ ọ̀nà wó ní agbègbè Matomb, ọ̀nà náà sì gé sí méjì. Àwọn èrò sá lọ sí ọkọ̀ ojú irin, àwọn tó ń bójú tó o fi kún iye kọ́ọ̀ṣì tó tò tẹ̀lé ara wọn, ọkọ̀ náà sì kúrò lójú irin ní Eséka lọ́jọ́ kan náà. Ènìyàn mọ́kàndínlọ́gọ́rin ni ìjọba kà pé wọ́n kú, ohun tí ìjọba sì kéde pé ó jẹ́ olórí okùnfà ni eré àsápajúdé. Ẹ̀kọ́ púpọ̀ wà nínú ọjọ́ burúkú yẹn, àwọn tó mọ ojú irin ni yóò sọ èyí tó pọ̀ jù. Èyí tó kan ọ̀rọ̀ wa ni pé títì ọ̀dà lè di kòtò láàárín òru ọjọ́ kan, ọkọ̀ tó ti wà lórí rẹ̀ yóò sì ní láti gba ẹ̀gbẹ́ kọjá tàbí kó padà. Àwọn àgbà sọ pé bí iwájú kò bá ṣeé lọ, ẹ̀yìn á ṣeé padà sí. Ẹni tó ń fa tirélà mọ̀ pé ẹ̀yìn kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣeé padà sí. Lójú ọ̀nà tóóró, tí ẹrẹ̀ wà lọ́tùn-ún lósì, ìgbà tí a bá ń fi tirélà rìn sẹ́yìn ni ìkọ́ ń tẹ̀ jù, ibẹ̀ ni èyí tí kò lè yí sì máa ń dá.

Ọ̀rọ̀ tún wà nípa àwọn tí kò sí nínú ọkọ̀ wa. Ẹṣin iwájú ni tẹ̀yìn ń wò sáré, ṣùgbọ́n bí tẹ̀yìn bá ṣubú, ìkọ́ ló ń pinnu bóyá yóò fa ti iwájú lulẹ̀. Nígbà tí tirélà kékeré bá dojú dé nínú kòtò, ìkọ́ tó ń yípo pátápátá lè jẹ́ kó dà láìgbé ìdí ọkọ̀ lọ, kí awakọ̀ àti èrò wà lórí táyà wọn. Ìkọ́ tí kò yí yóò fẹ́ gbé ìdí ọkọ̀ kúrò nílẹ̀ tàbí kó já. Bó bá sì já, ta ni yóò dá tirélà dúró? Ẹ̀wọ̀n ààbò tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń yọ kúrò nítorí ariwo rẹ̀ ló kù. Ẹ̀wọ̀n yẹn gbọ́dọ̀ gùn tó láti jẹ́ kí ìkọ́ yí, kó má sì gùn dé ibi tí yóò fi máa wọ́ nílẹ̀. Ẹni tó bá ra ìkọ́ tó ń yí, tó wá fi ẹ̀wọ̀n kúkúrú dè é, ti fi ọwọ́ òsì gba ohun tó fi ọwọ́ ọ̀tún fúnni. Bí a bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bà. Ní gbogbo ẹ̀bá ọ̀nà láti Bonabéri dé Nkongsamba, àwọn ìyá ń ta ọ̀gẹ̀dẹ̀, àwọn ọmọ ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́, àwọn tó ń gun alùpùpù ń sún mọ́ táyà ọkọ̀. Tirélà tó bá já kò mọ ẹni tó ra ìkọ́ olówó pọ́ọ́kú.

Ohun tó bà mí nínú jẹ́ jù nínú bí àṣà yìí ṣe yí padà ni pé ẹni tó ń yan ìkọ́ kì í ṣe ẹni tó mọ ọ̀nà mọ́. Ẹni tó lówó ni ó ń rà á ní ọjà, wẹ́dà ń jó o mọ́ ọkọ̀ láìmọ ibi tó ń lọ, awakọ̀ ni ó sì ń bá a wọ inú kòtò. Ẹni mẹ́ta ni, wọn kò jókòó pọ̀ rí. Awakọ̀ mọ ibi tí tirélà ti máa ń tẹ̀ àti bí ó ṣe ń tẹ̀ tó, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò bi í léèrè. Wẹ́dà mọ ibi tí irin ti ń sán, ṣùgbọ́n a kì í sanwó fún un láti sọ ìdí rẹ̀. A ń sanwó fún un láti lẹ̀ ẹ́. Nígbà oko ńlá, ọ̀rọ̀ wọn máa ń pàdé nítorí abẹ́ òrùlé kan ni gbogbo wọn wà. Ọjà tòkunbọ̀ kò ní lọ, mi ò sì bẹ̀bẹ̀ pé kó lọ, nítorí òun ló mú kí ẹni tí kò lówó púpọ̀ lè ní tirélà tirẹ̀. Ohun tó yẹ kó padà ni ìjókòó àwọn mẹ́ta wọ̀nyí.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ni tirélà ní Douala, ní Èkó, ní Kútọnu, níbikíbi tí ọ̀dà ti ń parí kí oko tó dé, ẹ̀bẹ̀ mi sí yín rèé. Kí ẹ tó béèrè iye owó, ẹ pe awakọ̀, kó sọ ibi tó burú jù ní ọ̀nà náà fún yín. Ẹ pe wẹ́dà, kó fi ibi tí irin ti sán rí hàn yín. Kí ẹ wá yan ìkọ́ tó lè yí ju ibi tó burú jù yẹn lọ, tí kò ní àlàfo tí yóò máa gbá ara rẹ̀, tí ẹ ó sì lè rí ẹni tún un ṣe níbi tí ẹ ń lọ. Bí bọ́ọ̀lù bá tó, ẹ ra bọ́ọ̀lù, ṣùgbọ́n kó bá orí rẹ̀ mu. Bí òrùka ló yẹ, ẹ ra òrùka, kí ẹ sì máa wo àlàfo rẹ̀. Bí èyí tó ń yípo pátápátá ló yẹ, ẹ má fi owó díẹ̀ sílé kí ẹ wá fi tirélà sínú kòtò. Ìgbà tí ẹ bá ti dáhùn ìbéèrè ọ̀nà ni ìbéèrè owó ṣẹ̀ṣẹ̀ ní ìtumọ̀.